Àròpọ̀ Ìdá tí Irú Wọn Yàtọ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdámẹ́ta, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ó ro 1 mọ́ 1, kí ó sì ro 2 mọ́ 3, kí ó wá kọ ìdá méjì nínú márùn-ún sílẹ̀. Ìdáhùn yìí kò lè tọ̀nà: ìdá méjì nínú márùn-ún kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fi kún kì í dín kù.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ tọ́ka sí orísun ìṣòro náà. Nínú 'ìdá méjì nínú márùn-ún', 'méjì' ń sọ iye ìdá tí a mú. 'Nínú márùn-ún' ń sọ iye ọ̀nà tí a pín odindi sí, èyí tí í ṣe irú ìdá náà. Iye ni a ń rò pọ̀, a kì í ro irú. Nítorí náà, irú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ́gba.

Ká ní a gé iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́fà ọgbọọgba. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ègé mẹ́ta, ìdámẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ègé méjì. Àpapọ̀ wọn ni ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. A yan 6 nítorí pé òun ni nọ́ńbà tó kéré jù tí a lè fi 2 àti 3 pín láìsí àṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àkọtọ́ pẹ̀lú. 'Ìdámẹ́ta', tí a kọ pọ̀, jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìdámẹ́wàá ṣe jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. 'Ìdá mẹ́ta', tí a kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́ iye tó ń retí 'nínú'. Olùkọ́ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti da ìṣirò rú kí ó tó bẹ̀rẹ̀.