Kókó Tí A Kì Í Sín Gbẹ́rẹ́ Sí

Ẹ̀yin ìyá ilé, ọwọ́ ẹni tí ń dirun fún wa ni ó lè kọ́kọ́ ba kókó ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìbà, ẹnìkan lè ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹlòmíràn lè ní kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná.

Iwájú ọrùn ni gẹ̀gẹ̀ máa ń wà, a sì máa gòkè bí a bá gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n kókó kan wà tí kò wọ́pọ̀, tí ń hù nísàlẹ̀ eegun àgbọ̀n, ní ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti pín sí méjì. Ó bá iṣan ìmọ̀lára tan. Kì í sábà dunni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà fún ọdún púpọ̀. Bí a bá fọwọ́ lé e, ó lè máa lù kìkì bí àyà. A lè tì í sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ lọ sókè sódò. Ẹ̀jẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Nítorí náà ni dókítà pàápàá fi ń kọ́kọ́ ya àwòrán inú ọrùn kí ó tó fi abẹ kàn án.

Irú mìíràn ń hù lára iṣan tí ó so etí mọ́ ọpọlọ. Ìgbọ́ràn etí kan ṣoṣo a máa dínkù, etí náà a máa hó, òòyì sì lè máa kọ́ni. Ẹ má ṣe dárúkọ ogbó: etí méjèèjì ni ogbó sábà máa ń mú.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà lè máa ṣọ́ ọ, ó lè yọ ọ́, ó sì lè fi ìtànṣán dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tóbi jù, yíyọ rẹ̀ lè pa ohùn tàbí ìgbọ́ràn lára. Òmíràn a máa bá ìdílé rìn. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni rí.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti Amẹ́ríkà dé sí UCH, Ìbàdàn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà Ìkìrun lọ sí Òṣogbo, kí ẹ rí dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Òun ni yóò júwe Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn bí ó bá yẹ. Ẹ sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ fún un, kí ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.