Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló dé tí wọn ò kọ sọ́fítíwíà fún OS/2?

Ní 1987, IBM àti Microsoft jọ gbé OS/2 jáde, ètò tuntun tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà dípò DOS. Ó ju DOS lọ fíìfíì, torí ó lè ṣe iṣẹ́ mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ò yá sí i.

Owó kọ́kọ́ lé wọn sá. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà fún un tó 3,000 dọ́là láyé ìgbà yẹn. Ó tún nílò mẹ́mórì púpọ̀, mẹ́mórì sì wọ́n bí ojú. Àwọn oníbàárà ò rà á nítorí sọ́fítíwíà tó wà fún un ò tó nǹkan. Àwọn tí ì bá kọ ọ́ náà ò kọ ọ́, nítorí oníbàárà ò pọ̀. Nígbà tí Windows 3.0 dé ní 1990 tó sì ń tà wàràwàrà, ibẹ̀ ni wọ́n rọ́ gbà.

Ti 1992 ló yà mí lẹ́nu jù. IBM ṣe OS/2 2.0 lọ́nà tó fi lè lo sọ́fítíwíà Windows. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni, lójú tèmi. Bí èyí tí mo kọ fún Windows bá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ máa kọ òmíràn sí?

IBM dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún OS/2 ní ìparí 2006. Ẹ̀rọ ATM àwọn báńkì wà lára ibi tó pẹ́ sí jù.