Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ, Tó Sì Wọ Inú Àbọ̀ Ìjọba

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn á ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Deloitte gbà láti dá lára owó tí ìjọba Ọsirélíà san fún un padà. Iṣẹ́ náà tó nǹkan bí 440,000 dọ́là ilẹ̀ wọn. Nínú àbọ̀ ìwádìí tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ti bá àwọn ìwé tí kò sí níbì kankan láyé, tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ ojúlówó bí ẹni pé ẹnìkan ti kà wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe jáde, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn lo ẹ̀rọ AI kan, GPT-4o, fún apá kan iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ owó ló gba ẹnu àwọn èèyàn. Èyí tó ń ṣe èmi ní kàyéfì ni bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ṣe ń ní àkọlé, òǹkọ̀wé àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Christopher Rudge, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Sydney, ló tú àṣírí. Ó rí i pé àbọ̀ náà ní ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Lisa Burton Crawford, tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì kan náà, kọ ìwé kan tí kò bá ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ mu rárá. Rudge mọ irú iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe, ara sì fu ú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n fi sẹ́nu adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, tí adájọ́ náà kò sọ rí. Wọ́n tilẹ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ: Davies di Davis.

Ẹjọ́ tí wọ́n ní àwọn ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ kì í ṣe ẹjọ́ lásán. Ẹjọ́ Amato ni, ọ̀kan lára ohun tó fòpin sí ètò Robodebt. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta àwọn ará Ọsirélíà lára. Láti nǹkan bí ọdún 2015 títí di 2019 ni kọ̀ǹpútà ìjọba ń kọ̀wé gbèsè ránṣẹ́ sí àwọn tó ti gba owó ìrànwọ́ rí. Bó ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé: á gba iye owó tí èèyàn pa lọ́dún lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí, á pín in sọ́nà 26, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n fi ń ka owó náà. Ká ní ẹnìkan fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́, ó pa 26,000 dọ́là, ó wá fi oṣù mẹ́fà tó kù wáṣẹ́ kiri. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan ló ń wọlé fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì jálẹ̀ ọdún. Ìrànwọ́ tó gbà nígbà tí kò rí kọ́bọ̀ pa bá di gbèsè sí i lọ́rùn. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ìjọba fúnra rẹ̀ gbà ní kóòtù pé gbèsè Amato, obìnrin kan tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, kò bófin mu. Ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí tí Catherine Holmes darí gbé àbọ̀ tirẹ̀ jáde ní oṣù Keje 2023. Tí a bá ka gbèsè tí wọ́n fagi lé mọ́ owó tí wọ́n dá padà, ohun tí wọ́n fi yanjú ẹjọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó bílíọ̀nù 1.8 dọ́là.

Kò sí AI nínú Robodebt o. Ìṣirò tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fura sí kọ̀ǹpútà tó bá ń dá sí owó aráàlú, iṣẹ́ Deloitte sì ni láti yẹ irú rẹ̀ mìíràn wò, èyí tó ń dá owó àwọn tó ń wáṣẹ́ dúró bí wọn kò bá ṣe ohun tí ìjọba là sílẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ ló bá wọn kọ lára àyẹ̀wò náà.

Ọ̀pọ̀ gbà pé tí a bá bi AI ní ìbéèrè, ilé ìkàwé kan ló ń lọ tú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkójọ ìwé rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bó bá ti kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan, á ṣírò ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e: ọdún, lẹ́yìn náà àkọlé tó ń rùn bí òfin, lẹ́yìn náà ilé ìtẹ̀wé tó lórúkọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ipò rẹ̀ mu. Ìwé tí gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ dárúkọ ni kò sí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń pè é ní irọ́. Ẹni tó ń purọ́ mọ òótọ́ tó ń fi pamọ́. Ẹ̀rọ yìí kò ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn jọ ọ́.

Ṣé kò wá lè ní òun ò mọ̀ ni? Àwọn olùṣèwádìí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, dáhùn ìyẹn nínú ìwé kan ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Wọ́n ní nínú ìdánwò tí a fi ń díwọ̀n àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, a kì í yọ máàkì fún ẹni tó ṣì í, ẹni tó fi àyè sílẹ̀ kì í sì í rí nǹkan kan gbà; lójú tèmi, bíi ti JAMB ló rí. Ta ni yóò wá fi àyè sílẹ̀? Wọ́n bi ẹ̀rọ kan ní ọjọ́ ìbí Adam Kalai, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé náà, wọ́n sì ní kó dáhùn bó bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi í, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá, kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú wọn. Irú nǹkan tí a bá kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, tí kò ní ìlànà tí èèyàn lè fi méfò rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó gbé iṣẹ́ náà jáde ní ìmọ̀ràn inú àbọ̀ Deloitte kò yí padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Rudge ṣàkíyèsí pé níbi tí ìwé àròsọ kan wà tẹ́lẹ̀, ojúlówó márùn-ún, mẹ́fà, tó fi dé mẹ́jọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn jọ ẹni tó ti sọ̀rọ̀ tán kó tó wá ẹlẹ́rìí kiri.

Ọwọ́ àwọn oníròyìn pẹ̀lú kò mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Chicago Sun-Times tẹ orúkọ ìwé 15 tí èèyàn lè kà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́wàá nínú wọn kò sí, títí kan èyí tí wọ́n kà sí òǹkọ̀wé Isabel Allende lọ́rùn. Ẹ̀rọ tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dáhùn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí BBC àti ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù yẹ ìdáhùn lórí ìròyìn tó lé ní 3,000 wò, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àléébù ńlá kan, ó kéré tán.

Ìṣòro tí mo rí fún àwa Yorùbá wà ní ibi tí àṣírí ti tú yẹn. Crawford bọ́ nítorí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ka àbọ̀ náà. Ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí ọmọ ìlú náà tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wà, kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ̀rọ á ti méfò jù gan-an ni àwọn tó lè já a nírọ́ ti kéré jù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 kan náà ni Mínísítà Bosun Tijani gbé N-ATLAS jáde, AI tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà kọ́. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ èdè tó já gaara kò sọ pé ìtàn tí wọ́n fi ń sọ péye. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé ẹ̀rọ tó bá ń fi Yorùbá tó dán mọ́rán ka orúkọ àwọn ọba ìlú kékeré kan lè ṣì wá lọ́nà ju èyí tí Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ lọ, torí ìkọsẹ̀ yẹn ni à bá fi fura.