Ilé Tẹlifíṣọ̀n Agodi àti Ọ̀rọ̀ Asọ̀rọ̀mágbèsì

Àwọn kan máa ń bi wá níbi ìpàdé pé kí ni èrè ohun tí gbogbo wa jọ ní. Ìtàn ilé tẹlifíṣọ̀n Agodi, Ìbàdàn, lè dá wọn lóhùn.

Yorùbá ló ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ò lè dá a lóhùn. Ní 1953, orúkọ yìí ṣẹ mọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lára. Anthony Enahoro ló dá a lábàá nílé ìgbìmọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group dìde, wọ́n jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Kò jókòó máa ráhùn. Òfin 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bá ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Overseas Rediffusion, da owó pọ̀, nígbà tó sì di October 31, 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi. Arábìnrin Anikẹ Agbaje-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí. Wọ́n ń pe ara wọn ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ká sọ òótọ́, àwọn Faransé ti gbé irú rẹ̀ dé Mòrókò àti Algeria ṣáájú. Ṣùgbọ́n ní ìhà ti wa yìí, Ìbàdàn ló ṣíwájú. Enugu tẹ̀lé e ní 1960, Kaduna àti Èkó ní 1962. Níbẹ̀ ni àwọn òṣèré wa bíi Mósè Ọláìyá ti di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀.

Kòkó ni òpó ọrọ̀ ajé Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Òógùn àgbẹ̀ wà nínú ilé yẹn. Bẹ́ẹ̀ Mapo ní Ìbàdàn àti Abafọn lọ́nà Ìkòròdú ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán ká sí. Àwòrán ìgbà náà kò lè dé Ìdògún. Àwa náà wà lára ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n a ò rí i wò.

Ní 1977, òfin ìjọba ológun kó gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. WNTV di NTA Ìbàdàn. Òfin 1979 ló tún ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìpínlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì dá Radiovision tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ẹni tó ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá panu dé ni tirẹ̀ parí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá owó ìpín, kí á má bàa máa tọrọ àyè lọ́wọ́ olówó èlé. Èkejì, kí ohun tí a jọ dá owó sí dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, àtẹni tó wà lábà àtẹni tó wà nítòsí ọ́fíìsì.

Nítorí náà, ẹ wá sí ìpàdé gbogboogbò. Ẹni tí ìwé ìṣirò kò bá yé, kó dìde kó bi wá. Ẹgbẹ́ tiwa kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì.