Igi Oníhò Tí A Bá Fi Sílẹ̀ Ni Ilé Oyin

 Ọ̀rọ̀ oyin inú igbó ni a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan apẹja àti agégẹdú nínú ọ̀rọ̀ oyin. Ó kàn wá púpọ̀. Oyin tí ẹnikẹ́ni kò sìn, tó ń gbé inú ihò igi, òun ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara igi kan dé ara èkejì, kí igi tó lè so, kí èso rẹ̀ tó lè hù. Bí oyin bá kúrò nínú igbó, ọ̀pọ̀ igi tí ìbá rọ́pò èyí tí a gé kò ní hù. Àgbọn tí a gbìn sí etí ilé pàápàá ń jẹ nínú iṣẹ́ wọn.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí igbó Ìlàjẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gé abùrà àti àwọn igi àbàtà mìíràn, tí wọ́n di wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì tù wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sí Òkò Bàbá ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta l'Ékòó. Ẹ̀gbà ni a ń dá sí ìdí ẹja yíyan, òun náà ni a fi ń ṣe òpó ilé. Ní ìhà Awóyè, omi òkun gba ojú kànáàlì tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì wọlé, iyọ̀ sì pa ọ̀pọ̀ igi tó jẹ́ pé omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni oyin fi ń lo igi. Oyin tí a mọ̀ dáadáa, èyí tó ń ta ni, ń gbé inú ihò igi ńlá. Oyin kéékèèké tí kì í ta ni ń wá ihò tó há. Oyin dúdú ńlá ń fi ẹnu lu ihò tirẹ̀ sínú igi gbígbẹ. Ní ilẹ̀ òkè, ọ̀pọ̀ irú oyin mìíràn wà tó ń gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kún fún omi, kò gba irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kó gbogbo igi àgbà kúrò ní àbàtà ti lé oyin jáde nílé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n rò wí pé bí a bá ti gbin òmíràn, ọ̀rọ̀ ti parí. Igi tí a gbìn lónìí lè yọ òdòdó láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó ní ihò tí oyin lè gbé, ó lè ju ọjọ́ ayé ènìyàn kan lọ. Bí a kò bá fi igi àgbà kankan sílẹ̀, ńṣe ni a se oúnjẹ de àlejò tí a ti wó ilé tí ìbá sùn.

Ohun tó yẹ kí agégẹdú rò ni èyí: igi tó ní ihò kì í mú owó wọlé. Ẹ ó fi epo àti agbára gé e, ilé ìlagi kò ní rí pákó gidi nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn àdá lu igi kí ẹ tó gé e. Bí ó bá dún bí ìlù, tàbí tí ẹ rí oyin tó ń wọlé tó ń jáde, ẹ fi í sílẹ̀, bí kò bá ti lè wó lu ilé tàbí ọ̀nà ọkọ̀.

Lẹ́yìn ilé, oúnjẹ ló kàn. Ẹ̀gbà pupa, tí gbòǹgbò rẹ̀ ga bí ẹsẹ̀ akàn, atẹ́gùn ló sábà máa ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ káàkiri, omi dídùn inú òdòdó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀gbà funfun, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọrí nínú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́, ni oyin fẹ́ràn. Igi kan náà yìí ń hù ní Florida l'Amẹ́ríkà, oyin tí wọ́n ń fà láti ibẹ̀ sì lókìkí. Láàárín 2009 sí 2012, ẹgbẹ́ Océanium àti àwọn ará abúlé gbin ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀gbà sí Casamance àti Sine-Saloum ní Senegal, ẹ̀gbà pupa ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń fún ẹja ní ibi ìsápamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí oyin padà gbọ́dọ̀ gbin pupa àti funfun pọ̀.

Èyí ni ohun tí a rò pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Èkíní, kí a fi ọ̀dà sàmì sí igi oníhò kí iṣẹ́ gígé tó bẹ̀rẹ̀, kí a má sì ṣe sun òkú igi tó wà nílẹ̀.

Èkejì, kí a dá igbó tó wà ní etí odò sí, kí ó so ibi tí a kò tíì gé pọ̀ mọ́ ibi tí a ti gé. Oyin ńlá lè fò tó kìlómítà 2 tàbí 3, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké kì í lọ jìnnà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ibi tí iyọ̀ ti dé, ẹ̀gbà ni kí a gbìn. Ibi tí omi kò tíì níyọ̀, kí a gbin abùrà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀gbà funfun tí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń rú padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà pupa tí a bá gé dé ìdí kì í sábà rú mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja mọ èyí. Ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe ní Ghana ní nǹkan bíi 1970, ń dín igi ìdáná kù, ẹgbẹ́ sì lè yá wọn lówó láti mọ ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ fa oyin, èéfín ni kí ó lò. Kí ó má gé igi, kí ó má dáná sun ún, kí ó sì fi afárá tí ọmọ oyin wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣọ́ igi tí a sàmì sí? Ní Bouche du Roy, lẹ́bàá Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ará ìlú fi Zangbeto sọ àwọn apá kan nínú igbó ẹ̀gbà di èèwọ̀, ẹni tó bá gé igi níbẹ̀ mọ ẹni tí yóò bá ṣẹjọ́. Ní 2017, àjọ UNESCO ka apá kan nínú agbègbè odò Mono, ní Benin àti Togo, mọ́ àwọn ilẹ̀ tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ní tiwa, òfin ẹgbẹ́ wà, ìpàdé wà, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà. Ohun tí a bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kò yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan fi òru rú u.

Ayétòrò tí òkun ń jẹ ti kọ́ wa pé ilẹ̀ tí kò ní igbó lójú kò ní apata. A rọ ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí a sì ka iye igi oníhò tó ṣẹ́kù ní igbó yín. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ kan kò lè dá igbó gbà là.