Bí ìwádìí ní Antarctica ṣe kan ìlera awọ ara àti ojú

Antarctica jẹ́ ilẹ̀ yìnyín ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí kò sí ìlú kankan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ pàtàkì kan nípa ìlera ti jáde.

Afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní ozone, tó wà lókè réré, ni ó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Bí ìtànṣán yìí bá pọ̀ jù lára, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, ó sì lè mú kí ojú máa ṣú díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, kéde pé ozone tí wọ́n ń wọ̀n ní ibùdó Halley ń dínkù gidigidi ní oṣù kẹwàá ọdọọdún. Kẹ́míkà CFC, tí wọ́n ń lò nígbà náà nínú fíríìjì àti agolo lọ́fínńdà, ni ó fà á.

Lọ́dún 1987, wọ́n ṣe àdéhùn Montreal láti fòpin sí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n máa ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, àwọn onímọ̀ sọ lọ́dún 2023 pé ó di nǹkan bí ọdún 2066 kí ozone òkè Antarctica tó padà sí bó ṣe wà lọ́dún 1980.

Ṣùgbọ́n ozone kì í dá gbogbo ìtànṣán dúró. Ó yẹ kí a máa wá ibòji lọ́sàn-án gangan, pàápàá àwọn àfín.