Ipa Ọ̀nà Ọkọ̀ Ojú Irin àti Àkókò Ìrìnàjò Wọ Ìlú Ńlá

Ipa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún ọkọ̀ láti gbà dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ibi tí yóò ti dúró àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tí yóò bá a lo ojú irin kan náà. Òun gan-an, ju eré tí ẹ́ńjìnnì lè sá lọ, ni ó máa ń pinnu bí ará ìgbèríko yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé àárín ìlú.

Ojú irin Abidjan-Niger, tí àwọn Faransé là, dé Bouaké ní ọdún 1912, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Kò gba Diabo kọjá, ìlú àwọn Baoulé kan nítòsí Bouaké. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wá ní láti kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Bouaké, kí nǹkan bí 315 kìlómítà ojú irin sí Abidjan tó bẹ̀rẹ̀. Ojú irin náà jẹ́ ẹyọ kan ní apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ kò lè ré ara wọn kọjá àfi ní ibùdókọ̀ tí a ti la ẹ̀ka sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé yóò yà sínú ẹ̀ka náà, yóò sì dúró de èkejì. Bí èkejì bá pẹ́, àwọn méjèèjì ni ó pẹ́.

Ẹnu àbáwọ ìlú ni ìṣòro ti ń le sí i. Ojú irin náà gba Anyama, Abobo àti Adjamé wọ Plateau, ó sì gba abẹ́ afárá Houphouët-Boigny, tí a ṣí ní 1957, ré ọ̀sà Ébrié kọjá sí Treichville. Mọ́tò ń gba òkè afárá kan náà. Ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ ẹrù tí ń lọ sí èbúté ń gbà. Ká ní ọkọ̀ ìgbèríko kan dúró ní ibùdókọ̀ mẹ́wàá lórí irú ojú irin bẹ́ẹ̀, ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Ọkọ̀ ayára tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò gbà ṣíwájú.

Ibi tí ọ̀nà parí sí náà ṣe pàtàkì, Èkó sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 kò wọ Erékùṣù Èkó. Ìdó ni ó parí sí. Láti 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ni ó ń kó èrò láti ibẹ̀ gba orí afárá Carter lọ sí Erékùṣù. Lónìí, ọ̀nà aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ré ọ̀sà kọjá lórí ojú irin tirẹ̀, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13. Ọ̀nà aláwọ̀ pupa, kìlómítà 27 láti Agbádó, ń bá ọkọ̀ Ìbàdàn pín ojú irin, Oyíngbò ni ó sì parí sí. Òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí Marina gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí ó wá bọ́ọ̀sì. Àkókò tí ó jèrè nínú ọkọ̀ ojú irin lè tán sí orí afárá.

Àwọn tí ó ṣètò métró Abidjan, tí a fi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́lẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbà á lọ́nà mìíràn. Nǹkan bí kìlómítà 37 ni ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀. A pín ojú irin tirẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ̀ ẹrù, láti Anyama gba Plateau kọjá, ré ọ̀sà, títí dé Port-Bouët.